Ọjọ́ Tí Bàbá Òṣùpá Gbé Ẹ̀wù Rẹ̀ Wọ̀ Jáde

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí kó tó gbọ́, nítorí bó bá fi lè mọ̀ pé òun là ń sọ, á wọlé tọ̀ wá wá, ọ̀rọ̀ náà á sì di ti òṣùpá. Àìsàn tó ń ṣe é nìyẹn. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ti Bàbá Òṣùpá yàtọ̀: kì í wà láwùjọ kí ọ̀rọ̀ dúró nílẹ̀, àfi kó gbé e lọ sókè. Bí o bá ní òrùlé rẹ ń jò, á ní òjò kì í rọ̀ nínú òṣùpá. Bí o bá ní ẹ̀yìn ń dùn ọ́, á ní bí o bá dé ọ̀hún, ara rẹ á fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìẹ. Níbi tí wọ́n ti ń kí opó kan kú ọ̀fọ̀, òun ló sọ fún un pé kó nu ojú rẹ̀ nù, ó kéré tán ọkọ rẹ̀ ti sún mọ́ òṣùpá ju gbogbo àwọn tó wà ní ìjókòó lọ. Wọ́n rọra fà á jáde.

Ayàwòrán ni. Yàrá iwájú ilé rẹ̀, èyí tó kọjú sí títì, tó láyè jù, tí ìmọ́lẹ̀ sì pọ̀ níbẹ̀ jù, ibẹ̀ ló ti ń ya fọ́tò. Ó kun òṣùpá sára ògiri ẹ̀yìn: ilẹ̀ tó dà bí eérú, kòtò ńlá, kòtò kékeré, àti ayé tiwa yìí lókè lọ́hùn-ún, roboto bí ọsàn. Ẹ̀wù òṣùpá kọ́ sára ìṣó lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ẹ̀wù funfun ni, ó bo èèyàn láti ọrùn dé ọrùn ẹsẹ̀. Akoto alùpùpù tí wọ́n fi bébà dídán yí po ni wọ́n ń dé mọ́ ọn. Wọ́n ń gbé kẹ́ẹ̀gì kan kọ́ ẹ̀yìn, tí Bàbá ń pè ní àpò atẹ́gùn, rọ́bà tí wọ́n fi ń bomi rin òdòdó sì ti inú kẹ́ẹ̀gì wá sí àyà.

Bàbá máa ń sọ pé ẹnì kan lókè òkun, tó mọ àwọn tó ń fò lọ sókè, ló fi ẹ̀wù náà ránṣẹ́ sí òun. Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Aránṣọ, kì í jìnnà síbẹ̀ nígbà tó bá ń sọ ọ́. Kì í dá sí i. Á kàn fi eyín já òwú, á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n fọ́tò ojú fèrèsé gan-an ni ọba gbogbo rẹ̀. Férémù rẹ̀ tóbi tó ilẹ̀kùn àpótí aṣọ. Ẹnì kan ló wà nínú rẹ̀, ó wọ ẹ̀wù òṣùpá, ó dúró lórí ilẹ̀ eérú, ó na ọwọ́ kan sókè. Akoto bò ó lójú pátápátá. Bàbá kì í jẹ́ kí àlejò kọjá fọ́tò yẹn láìdúró. Á ní òun nìyẹn, lọ́jọ́ náà gan-an tí wọ́n kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ òṣùpá; àwọn yẹn tẹ tiwọn lọ́hùn-ún, òun tẹ tòun níbí. Nítorí pé ẹ̀wù náà kò ní bàtà, sálúbàtà kan tí òdòdó ńlá wà lójú rẹ̀ ni ẹni inú fọ́tò wọ̀. Nígbà kan tí àlejò kan fọwọ́ tọ́ka sí i, Bàbá ní ohun tí àwọn géńdé ń wọ̀ láyé ìgbà náà nìyẹn. Àlejò gbà. Ta ló kù láyé tó máa sọ pé irọ́ ni?

Kí n má parọ́ mọ́ ọn, ìgbà tirẹ̀ wà. Lọ́dún tí wọ́n kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sójú òṣùpá, àwọn tó fẹ́ wọ ẹ̀wù yẹn tò láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ìkòríta. Ìyàwó tuntun bọ́ aṣọ ìgbéyàwó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè wọ̀ ọ́. Olùkọ́ àgbà kan wọ̀ ọ́, ó ní kí wọ́n fi pàṣán sí òun lọ́wọ́, kí àwọn ọmọ iléèwé lè mọ̀ pé kò sí ibi tí wọ́n lè sá dé tí òun ò ní bá wọn. Nítorí akoto yẹn, fọ́tò gbogbo wọn jọra. Títí di òní, ìdílé méjì ṣì ń jà sí fọ́tò kan, oníkálukú ní bàbá àgbà òun ni.

Wọ́n lọ lẹ́ẹ̀kejì, èrò ṣì wá. Nígbà tó máa fi di ẹ̀ẹ̀kẹta, àwọn èèyàn ti ń béèrè ohun tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà fi ní kí Bàbá yọ akoto kúrò kí ojú àwọn lè hàn. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kó yọ ẹ̀wù kúrò kí aṣọ àwọn lè hàn. Níkẹyìn, wọ́n ní kó kúkú yọ òṣùpá kúrò. Bàbá ní kò ní ṣẹlẹ̀ lójú òun. Wọ́n bá yọ ara wọn kúrò. Nígbà tí kámẹ́rà sì wá wọ inú fóònù, tálákà tolówó di ayàwòrán. Bàbá a máa rán àwọn ará àdúgbò létí pé bí àwọn ṣe jókòó yìí, àwọn kan wà lókè orí wọn nínú ilé kan tó ń yí ayé po, tí wọ́n ń sùn, tí wọ́n ń jí, tí wọ́n ń fọ eyín. Wọ́n á ní ó dáa, kí wọ́n ṣáà má já lu àwọn.

Ibi tí wàhálà wà ni yàrá iwájú yẹn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Ìyá Aránṣọ ti ń ránṣọ, òun àti máṣíìnì rẹ̀ àti àwọn ọmọ iṣẹ́, níbi tó ṣókùnkùn bí inú ìkòkò. Gbogbo ẹni tó bá ń lọ sílé ìdáná ló ń tẹ aṣọ aláṣọ mọ́lẹ̀. Bàbá fúnra rẹ̀ ti fi ẹsẹ̀ wọ́ aṣọ ìyàwó kan láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ẹ̀yìnkùlé rí, kò sì mọ̀ títí adìẹ fi gun orí rẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé ojú Ìyá ti ń ṣe bàìbàì. Kí ó tó ki òwú bọ abẹ́rẹ́, á kọ́kọ́ gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà kó lè rí ihò rẹ̀. Ó ti tọrọ yàrá iwájú títí ó fi sú u. Èsì kan náà ni Bàbá ń fọ̀: kó ní sùúrù, òṣùpá á tún là.

Ìgbà tó yá, rédíò kéde pé àwọn èèyàn tún ń lọ sí òṣùpá. Inú Bàbá dùn débi pé bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀ sáré sọdá títì lọ bá káfíńtà ọ̀rẹ́ rẹ̀. Káfíńtà gbé ayùn sílẹ̀, ó béèrè bóyá wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀. Bàbá ní rárá, wọn ò ní sọ̀ kalẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n á kàn yí i po ni, wọ́n á sì padà wálé.

"Mo gbọ́," káfíńtà ní. "Bí ẹni tó lọ sílé àna rẹ̀, tó yí ilé po, tí kò kanlẹ̀kùn, tó wá padà dé tó ní òun ti kí wọn."

Ó gbé ayùn rẹ̀. Bàbá padà sílé, ó ń fi òkìkí ọjọ́ náà fọ́nnu fún Ìyá Aránṣọ, pé kó lọ wá ẹní sílẹ̀, èrò tó máa sùn tì wọ́n lẹ́nu ọ̀nà ń bọ̀. Ìyá dá máṣíìnì dúró.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí," ó ní. "Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbéra, bí ẹnì kan ṣoṣo bá wọlé wá, tó wọ ẹ̀wù yín, tó dúró síwájú òṣùpá yín, tí ẹ sì yà á ní fọ́tò kí oòrùn tó wọ̀, mi ò ní dárúkọ yàrá yẹn mọ́ títí n ó fi kú. Ṣùgbọ́n bí ẹ ò bá rí ẹnì kankan, ẹ ó kun ògiri yẹn ní funfun, máṣíìnì mi á wọlé."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Ẹnì kan? Ó ní kó yáa máa ṣàánú ilẹ̀kùn, nítorí wọ́n máa fọ́ ọ.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, kò sí etí tí ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ ládùúgbò. Bàbá tún kòtò ojú òṣùpá kùn kí wọ́n lè jìn dáadáa. Ó yá bẹ́ǹṣì lọ́wọ́ káfíńtà, pé àwọn tó bá tò kò gbọdọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ náà mọ́, ó gbé bẹ́ǹṣì síta, ó nù ún, ó sì dúró sẹ́bàá rẹ̀. Káfíńtà wá jókòó lórí rẹ̀. Bàbá béèrè bóyá fọ́tò ló wá yà. Káfíńtà ní rárá, bẹ́ǹṣì òun lòun ń ṣọ́.

Oòrùn ti mú kí oníbàárà àkọ́kọ́ tó dé, ọmọbìnrin kan tó ń lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó kúnlẹ̀ kí Bàbá, ó ní páásípọ́ọ̀tù lòun fẹ́ yà. Bàbá ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ó ní ọjọ́ ńlá ló bọ́ sí, ó sì na ẹ̀wù sí i. Ọmọ náà fi ẹ̀yìn rìn padà sí ẹnu ọ̀nà.

"Àrùn wo ló wà níbí, Bàbá?"

Bàbá ní kò sí àrùn, ẹ̀wù òṣùpá ni, ó sì fi ògiri hàn án. Ọmọbìnrin náà wo ògiri náà, àánú ṣe é. Ó ní onílé Bàbá kò ṣe dáadáa, kó jẹ́ kí ògiri ṣí báyìí, kó lu jára, kí àgbàlagbà sì máa gbé inú rẹ̀. Ó wá rọra béèrè bóyá wọ́n ní aṣọ funfun kan tí wọ́n lè fi bò ó. Kò tíì sọ tán tí Ìyá Aránṣọ fi yọ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun, ó gun orí àpótí, ó fi ọwọ́ méjèèjì ta á bo òṣùpá láti òkè délẹ̀. Bàbá ya fọ́tò náà bí ẹni ń mu oògùn kíkorò. Bí ọmọ náà ṣe jáde, ó ní oníbàárà kan ti wá o.

"Ìyẹn ò bá àdéhùn mu," Ìyá ní látorí àpótí. "Kò wọ ẹ̀wù."

Ọ̀sán pọ́n, kò sẹ́ni tó wá. Bàbá wá ronú kan ohun tó fà á: àwọn èèyàn kò tíì rí ẹ̀wù náà ni. Ẹni tí kò rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, ọ̀nà wo ni ọ̀fun rẹ̀ máa gbà dá tòló? Ó ní òun fúnra òun lòun máa wọ̀ ọ́ jáde. Ó ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ wọlé. Ó ti apá bọ̀ ọ́, apá wọlé. Ìbàdí ló kọ̀.

"Ẹ̀wù yìí ti súnkì," ó ní.

"Bó ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn," Ìyá ní, ó fi orúnkún tì í lẹ́yìn, ó sì fà á ní sípù. Sípù gòkè dé ìdajì àyà, ó dúró síbẹ̀, kò lọ, kò bọ̀. Akoto wọlé, ìdè rẹ̀ sì há mọ́ abẹ́ àgbọ̀n. Wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì kọ́ ọ lẹ́yìn, rọ́bà ń mì dìrọ̀dìrọ̀ níwájú. Bàbá bọ́ sí títì, ó ń gbẹ́sẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń rìn ní òṣùpá, ó ń juwọ́ sọ́tùn-ún, ó ń juwọ́ sósì.

Kò tíì rìn jìnnà tí obìnrin tó ń ṣe búrẹ́dì fi sáré jáde, ìyẹ̀fun lọ́wọ́, tó di rọ́bà rẹ̀ mú. Ó ní ó kúkú ti dé, pé láti ìjẹta làwọn ti ń retí rẹ̀. Inú Bàbá yọ́ bí òrí inú oòrùn. Ẹnì kan ń retí òun! Obìnrin náà fa rọ́bà, Bàbá ń tẹ̀ lé e, wọ́n gba ẹ̀yìn ilé wọ ibi tí wọ́n ń kó àpò ìyẹ̀fun sí. Ó tọ́ka sí abẹ́ ààrò.

"Ibẹ̀ ni wọ́n pọ̀ sí jù," ó ní. "Ẹ fín in dáadáa, kódà ẹ fín ọmọ wọn."

Aáyán kan jáde, ó wo Bàbá láti òkè délẹ̀, ó padà sílé rẹ̀. Bàbá pariwo pé òun kì í ṣe ẹni tó ń fín oògùn, pé òṣùpá ni ọ̀rọ̀ òun. Ṣùgbọ́n inú akoto ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà pin sí. Ohun tó jáde síta kò ju kùn-ùn kùn-ùn lọ, èémí rẹ̀ sì bo gíláàsì ojú akoto. Obìnrin náà mi orí, ó ṣe bí ẹni tó gbọ́ ọ, ó ní ẹ̀yìn àpò wọ̀nyẹn náà ni. Bàbá wá ọ̀nà ìta, ó fi orí gbá férémù ilẹ̀kùn, ó jáde. Obìnrin náà tẹ̀ lé e, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá rí pé kí wọ́n bá òun dá apaáyán yìí dúró, kò ṣiṣẹ́ tó fi ń lọ.

Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ aáyán ṣe rí. Kò sí ilé tí kò kàn. Nígbà tí Bàbá fi máa dé ìdajì títì, ó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó yí gbogbo ara padà, nítorí ọrùn kò ṣe é yí, ó sì rí wọn láti inú gíláàsì tó ti ṣú: èèyàn, èèyàn, èèyàn, wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn, bíi tàtijọ́ gẹ́lẹ́. Omi dé ojú bàbá náà, kò sì rí ọ̀nà nù ún. Ó na ọwọ́ kan sókè bíi ti fọ́tò ojú fèrèsé, ó sì kó wọn lẹ́yìn, ó di ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ó nàka sí ìlà náà, ó nàka sí Ìyá Aránṣọ, ó lu àyà lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá wo ìlà náà. Ọkùnrin tó wà níwájú ru ìbùsùn lórí. Ó ní ìdun ni tòun. Ẹni tó tẹ̀ lé e ní èkúté ni tòun, bí oògùn náà bá ká a.

"Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ìrìn," Ìyá ní. "Ta ló wá ya fọ́tò òṣùpá nínú yín?"

Wọ́n wo ara wọn. Ọkùnrin tó ru ìbùsùn sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀.

"Mámà," ó ní, "ṣé fọ́tò yẹn máa ń pa ìdun?"

Bí wọ́n ṣe túká nìyẹn, wọ́n ń kùn. Obìnrin oníbúrẹ́dì ní àgbà tó ń wọ aṣọ iṣẹ́ oníṣẹ́ kiri, Ọlọ́run ń wò ó. Ìyá mú ọṣẹ àti omi wá, ó ń yọ akoto náà lórí ọkọ rẹ̀ bí ẹni ń yọ òrùka lọ́wọ́ aboyún. Nígbà tí etí Bàbá jáde, ohun tó kọ́kọ́ rántí ni ohun tó fa gbogbo rẹ̀. Ó bi káfíńtà léèrè bóyá wọ́n ti gbéra.

"Ó ti ṣe díẹ̀," káfíńtà ní. Fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Mo wò ó díẹ̀. Iná jáde nídìí rẹ̀. Nígbà tí bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀, mo bá yí i kúrò."

Bàbá fi ìdí lé bẹ́ǹṣì. Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi dúró de ọjọ́ yìí, inú akoto ló sì wà nígbà tó kọjá. Oòrùn ti fi àgbọ̀n lé orí òrùlé káfíńtà. Ó wo yàrá iwájú, ó wo ògiri rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì bàjẹ́ gidi, ẹ má rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ọgbọ́n kan sọ sí i lórí.

"Ìyá àwọn ọmọ, ìwọ wọ̀ ọ́. Oòrùn ò tíì wọ̀ tán. Ẹnì kan ṣoṣo lo ní. Ṣé ìwọ kì í ṣe èèyàn ni?"

"Èmi? Kí ni mo tún fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Tún kẹ̀?"

Ìyá Aránṣọ tọ́ka sí férémù ojú fèrèsé. "Ta lẹ rò pé ó wà nínú ìyẹn?"

"Èmi ni," Bàbá ní. Ó ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà, kò ní láti rò ó mọ́.

"Ó dáa. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ dúró níwájú, ta ló dúró ti kámẹ́rà?"

Káfíńtà dìde dúró. Òun náà ti gbọ́ ìtàn fọ́tò yẹn láti ìgbà tó ti ní irun lórí, ìbéèrè yìí ò sì wá sí i lọ́kàn rí. Kámẹ́rà kan ṣoṣo ló wà ládùúgbò nígbà náà, ẹnì kan ṣoṣo ló sì mọ̀ ọ́n lò. Bàbá dìde lórí bẹ́ǹṣì. Ó lọ síbi fèrèsé. Ó wo ìbàdí tín-ínrín ẹni inú fọ́tò. Ó wo sálúbàtà olódòdó. Ó wá rántí díẹ̀díẹ̀ ìyàwó tuntun kan tó fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì rán ẹ̀wù, tó fi ara òun fúnra rẹ̀ wọ̀n ọ́n nítorí ọkọ ò sí nílé, tí ọkọ dé, tó ní kó dúró wò kí òun lè fi wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe rí.

"O na ọwọ́ sókè," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti kéré. "Mo rò pé o ń kí òṣùpá ni."

"Abẹ́rẹ́ ni mo gbàgbé sí abíyá ẹ̀wù."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Èyí, òtítọ́ ò tiẹ̀ rìn níbì kankan. Inú ilé ló wà láti ọjọ́ yìí, ó ń ránṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Ìyá ní kò sẹ́ni tó bi òun, inú Bàbá sì máa ń dùn tó bá ń sọ ọ́.

Oòrùn wọ̀. Ìyá ti wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, ó ti di máṣíìnì rẹ̀ mú lápá kan. Bàbá tẹ̀ lé e pẹ̀lú ẹ̀wù tí sípù rẹ̀ ṣì há lára, ó dúró, ọ̀rọ̀ kan ṣì ń jẹ ẹ́ lẹ́nu.

"Báwo ló ṣe rí níbẹ̀?"

"Ó gbóná," Ìyá ní. "Kò sì sí ibi tí èèyàn lè gbé máṣíìnì sí. Ẹ bá mi gbé apá kejì."